Alárinà fún Kọ̀ǹpútà Ṣẹ́gun

Ìgbájọ.

Ọládùnní Àṣàbí, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ará Idaw River wà? Mo kí ọkọ rẹ Cyprian, mo kí Munachimso tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá ìyá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ọlọ́run tó mú yín dé Enugu ni yóò máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Àlàáfíà la wà níbí. Ìgè káfíńtà ti bá mi kan òrùlé ilé ìdáná, ewúrẹ́ sì bí méjì, akọ ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tí o pè mí lé lórí ló jẹ́ kí n kọ̀wé, torí kí n tó ronú tán lórí fóònù, káàdì á ti tán. O ní ẹgbẹ́ yín tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń wá oògùn fòníkú-fọ̀ladìde ní kí o yan àdírẹ́sì alárinà tuntun, èyí tí yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ wá sí ilé kálukú, tí yóò sì máa dá a padà. O ní iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà Ṣẹ́gun ń ṣe nílé níbí máa ń pẹ́ kó tó dé, wọ́n á sì dà á nù, o wá fura sí alárinà Èkó tí ẹ ń lò. Àrùn yẹn ló mú Ṣẹ́gun àbúrò rẹ lọ, kọ̀ǹpútà yìí ló kù tí mo ń gbọ́ tó ń mí nínú yàrá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á wá máa dànù?

Ọmọ mi, a kì í yan alárinà láìṣe ìwádìí. Nígbà tí Cyprian fẹ́ fẹ́ ọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wọ mọ́tò dé Nsukka lọ wo irú ilé tí wọ́n ti bí i. Mo kọ àdírẹ́sì mẹ́ta tí o kà fún mi sílẹ̀, mo kọ àmì tó-tò-tó inú wọn pàápàá, ṣùgbọ́n n kò rí orúkọ àdúgbò kankan níbẹ̀. Ta ni aládùúgbò wọn? O ní ti òkè òkun ló yá jù, ọ̀kan tún wà ní Àbújá, ìkẹta wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Alfred, ọ̀rẹ́ yín inú ẹgbẹ́ náà, ní Uwani ní Enugu yín níbẹ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ lè dé ni mo rán Cyprian sí. Má bínú sí i. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi pijin sọ fún mi pé Mama, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ìyàwó, ṣùgbọ́n ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ. Ó ní orí àga ni ẹ̀rọ náà wà, òjò kò lè dé ibẹ̀, bátìrì sólà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní Alfred fún òun lómi, ó sì béèrè pé báwo ni kọ̀ǹpútà Mama Ìgbájọ, pé àwọn ọjọ́ kan wà tí àwọn kì í rí i rárá, ṣé kò sí nǹkan.

Alfred yẹn ni kí o yàn. Ẹni tí a rán lọ gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún Ṣẹ́gun, ọ̀kadà rẹ̀ ló yá jù ní ìlú yìí. Ó gbé ẹ̀jẹ̀, ó yà sílé lọ jẹun. Láti ìgbà náà n kì í béèrè ẹni tó yá mọ́. Ẹni tó máa béèrè wa bí a bá pẹ́ ni mò ń wá.

Jọ̀wọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n, ti kọ̀ǹpútà ni. Bó bá ṣẹ́kù, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi ti là.

Ẹni tó bá gbé ire rẹ lọ́wọ́ kò ní yà jẹun lọ́nà. Oògùn tí ẹ ń wá, ẹ ó rí i, Munachimso kò sì ní nílò rẹ̀ láéláé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọlájùmọ̀kẹ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí Alfred bá tún béèrè ọjọ́ tí wọn kì í rí kọ̀ǹpútà wa, ní kó fọkàn balẹ̀, ara rẹ̀ le. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé di àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo máa ń pa á, tí mo máa ń fi súwẹ́tà Ṣẹ́gun bò ó. Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe yìí, ó yẹ kó sinmi lọ́jọ́ Olúwa. Àbúrò rẹ kò rí ìsinmi tó.