Àfonífojì Tí Mo Ní Ó Mọ́

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ

Irọ́ ni. Kò sí ẹni tó sanwó fún mi kí n máa fi màlúù ènìyàn bọ́ kìnnìún. Wọ́n ti ń sọ ọ́ létí kànga láti àná pé àwọn òyìnbó tó gbà mí síṣẹ́ ń fún mi lówó lórí kìnnìún kọ̀ọ̀kan tó bá yó. Owó kékeré ni mò ń gbà. Iṣẹ́ mi sì nìyí: kí n gun òkè ní ìdájí, kí n mọ ibi tí kìnnìún wà, kí n sọ̀ kalẹ̀ wá sọ fún àwọn darandaran kí wọ́n tó ṣí ọgbà màlúù. Ibí ni kí ẹ dà wọ́n lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ yà fún.

Lánàá, mo ní àfonífojì mọ́. Kò mọ́. Màlúù mẹ́sàn-án ló kú. Koinet, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí a jọ kọlà, fi ọ̀kọ̀ dá kìnnìún dúró kí àwọn yòókù lè ráyè sá. Kìnnìún náà fà á lápá òsì ya, láti èjìká dé ìgúnpá.

Irọ́ ni ti owó. Òótọ́ ibẹ̀ burú ju irọ́ náà lọ. Mi ò lè kọ ọ́ lónìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Kí n kọ ọ́. Ìwé kò lẹ́nu.

Akọ méjì ló ni àfonífojì. Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò – èmi ni mo sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà. Abo mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ wọn, Ìyálé ni àgbà wọn, ó sì ní ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tẹ̀gbọ́n tàbúrò á rìn yí ààlà wọn ká, wọ́n á tọ̀ sídìí igi, wọ́n á bú ramúramù, àjèjì á sì gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ lọ́rùn. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ló ń sọ ibi tó wà fún mi.

Mo ti fi wọ́n yangàn ju bó ti yẹ lọ. Mo ti sọ lójú gbogbo ènìyàn pé bí Ẹ̀gbọ́n bá ṣì ń mí, àjèjì kankan ò ní tẹ àfonífojì yẹn. Parmuat, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ wa, a máa pè mí ní ìyàwó kìnnìún. Mo ní kó ṣọ́ra o, ọkọ mi ń jowú.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ ní Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn òkè, ní ilẹ̀ iyọ̀, ibi jíjìnnà. Àsìkò yẹn ni mo gbọ́ bíbú kìnnìún láti inú àfonífojì. Kì í ṣe ohùn rẹ̀. Kì í ṣe ohùn Àbúrò. Ohùn mẹ́ta, ohùn ọ̀dọ́, wọ́n ń gbà á lẹ́nu ara wọn. Mo dúró kí Ẹ̀gbọ́n dá wọn lóhùn. Mo dúró pẹ́. Kò fọhùn. Akọ kìnnìún tó gbọ́ irú ìyẹn lórí ilẹ̀ rẹ̀ tí kò dáhùn, kò nílẹ̀ mọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bi mí. Mo ní, ilẹ̀ iyọ̀ ni wọ́n wà, àfonífojì mọ́.

Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n á ti gbọ́ pé ó ti tán fún Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Mo tilẹ̀ rò pé àwọn àjèjì náà á kọjá lọ kí oòrùn tó mú.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ wo Koinet nílé ìwòsàn. Òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní apá òsì ni, àwọn ọmọbìnrin ò ní mọ̀ bí òun bá da aṣọ bò ó. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun. Ó fún mi ní ìdajì tíì rẹ̀.

Kò bi mí ní nǹkan kan nípa ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo wọ àfonífojì. Àwọn àjèjì ti lọ sí apá odò, mo rí ipasẹ̀ wọn. Méjì nínú ọmọ Ìyálé wà lórí koríko, wọ́n ti bu wọ́n jẹ ní orí, wọn ò sì jẹ wọ́n tán. Bí akọ tuntun ti ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò rí ìkẹta.

Àbúrò wà lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún. Òkú rẹ̀ ti pẹ́ ju ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bù ú jẹ, egungun rẹ̀ ti dá. Mo wá ipasẹ̀ Ẹ̀gbọ́n káàkiri ibi tí wọ́n ti jà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó dojú kọ ilẹ̀ iyọ̀. Eré ló sá.

Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ purọ́ nìyẹn.

Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Àwọn àgbà jókòó lábẹ́ igi. Baba Moinan, olórí wọn, ló sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnu tó darí màlúù síbi ikú ni yóò san án, mẹ́sàn-án fún mẹ́sàn-án. Ọgbà wa ò ní ju mẹ́fà lọ, ìyá mi sì wà níbẹ̀ tó ń wolẹ̀. Baba Moinan wá ní, àṣìṣe ni ṣá. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe kì í dá ẹrù rẹ̀ gbé, àwọn tí wọ́n jọ kọlà á bá a gbé e. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ìyẹn yàtọ̀: òun nìkan ni yóò san án, ẹgbẹ́ á sì kọ̀yìn sí i.

Ó wojú mi. "Leteipa, ṣé o ní ọ̀rọ̀ kankan?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Kasaine, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa, ló kọ́kọ́ dé, ó da ẹgbọrọ abo màlúù kan síwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, méjì láti ọgbà òkè. Nígbà tó di ọ̀sán, Parmuat fa màlúù kan dé. Parmuat tìkara rẹ̀. Mo rò pé ẹlẹ́yà ló wá ṣe.

Ó ní, "Gbà. Kì í ṣe tìtorí rẹ o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹgbẹ́ wa kọrin ni."

Mo ní mo dúpẹ́.

"Má dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa ń fi ta èèyàn. Kí ìwọ àti ọkọ rẹ ṣọ́ra."

Mẹ́rin lónìí. Mo ń kà wọ́n bí ọmọdé tó ń ka ẹran ọdún. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mò ń kà wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Méje. Ìyá mi ti ń kọrin nídìí ààrò.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Opó ni Ìyá Tumpes. Màlúù méjì nínú mẹ́sàn-án tó kú jẹ́ tirẹ̀, wàrà wọn sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu. Ó rìn wá lónìí tòun ti akèrègbè wàrà, láti ara ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

Ó ní, "Wọ́n ní o ò jẹun. Ẹ̀rọ ò lè rí ẹran tí wọn ò so nǹkan mọ́ lọ́rùn. Ṣé ìwọ lo ṣe ẹ̀rọ ni? Mu ún, ọmọ mi."

Ó tu itọ́ sí mi láyà, bí a ti ń súre fún ọmọ. Ó dúró títí mo fi mu ún tán.

Mo mu ún tán.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo rí Ìyálé létí odò. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tóbi jù nínú àwọn àjèjì, ó ń fi orí nu ún lọ́rùn. Mo fẹ́ bínú sí i. Ta ni mí? Òun kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ẹ̀gbọ́n bú ní ilẹ̀ iyọ̀ ní ìdájí, lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Màlúù mẹ́jọ. Ó ku ọ̀kan.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Koinet padà dé. Wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fa ẹgbọrọ màlúù kan, èyí tó ní àmì funfun níwájú orí, tó ti sọ pé òun máa fi fẹ́yàwó.

Mo ní, "Mẹ́rin nínú èyí tó kú, tìrẹ ni. Ìwọ la fẹ́ san án fún. Báwo lo ṣe máa san gbèsè ara rẹ?"

Ó ní, "Ṣebí wọ́n á dá a padà fún mi. Ó kàn fẹ́ rìnrìn àjò díẹ̀ ni."

A rẹ́rìn-ín. A jókòó ti ọgbà. Kò wojú mi nígbà tó sọ ọ́.

"Mo gbọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Ìyá ló jáde, mo wá a dé ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn mẹ́ta."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fi kó màlúù rẹ lọ?"

"O ní ó mọ́."

"O sì ti fi etí ara rẹ gbọ́."

"Mo rò pé etí mi ló ṣì í gbọ́. Ìwọ lo mọ̀ wọ́n." Ó ń gbìyànjú láti ká ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Àtàǹpàkò nìkan ló ń ká. "Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Gbà á, so ó mọ́lẹ̀. Ó ti pé."

Ì bá gbá mi létí. Ì bá tutọ́ sí mi lójú, ì bá yá.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo sọ ọ́. Láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣí ọgbà, lójú gbogbo wọn. Mi ò dárúkọ Koinet. Mo ní mo gbọ́ ohùn mẹ́ta, mo sì ní ó mọ́.

Baba Moinan fa áṣáà símú, ó nu ọwọ́.

"Nítorí kí ni?"

Mo ní, "Nítorí Ẹ̀gbọ́n, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ pé wọ́n ti lé e."

"Èyí tó sá fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀?"

"Òun ni."

"Òun lo fẹ́ràn jù wá lọ." Kì í ṣe ìbéèrè.

Ìyá Tumpes fa aṣọ bo ẹnu, ó yà lọ. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ìgbẹ́ màlúù bí ẹni tó fẹ́ fi rẹ́ ògiri. Baba Moinan wá ní, ẹni tó bá ní màlúù nínú ọgbà Leteipa, òfin ò dè é mọ́. Kí ó mú tirẹ̀, tàbí kó fi í sílẹ̀.

Mo kọjú sí òkè olórí yìnyín tí a ń pè ní Òkè Funfun, mo kọ ẹ̀yìn sí ọgbà. Mo gbọ́ tí wọ́n wọ́ ẹ̀gún tí a fi ń dí ẹnu ọ̀nà kúrò. Agogo ọrùn màlúù kan. Òmíràn. Parmuat ń pe tirẹ̀ lórúkọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe ọmọ. Koinet sọ nǹkan kan, ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ mi. Agogo dákẹ́ díẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Eruku wọn fẹ́ kọjá lára mi.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀yìn ilé tí mo jókòó sí yìí ni ọgbà wà. Mò ń gbọ́ mímí ẹran níbẹ̀, tiwa tàbí tàwọn ẹlòmíràn, mi ò mọ̀. Ìyá bi mí bóyá kí òun gbé fìtílà wá kí n lọ wo iye tó kù.

Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.