Oorun Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Dókítà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwa náà wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì ń já òwú bí ẹni ń bínú. Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kí o ṣìnà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Adúmáadán ọmọ rẹ ni mo fi ń kọ̀wé yìí, jọ̀wọ́, jókòó kí o tó kà á. Nígbà tí o mú un wá kí o lè lọ kọ́ iṣẹ́ olóṣù méjì yẹn, o fún mi ní ìwé dókítà, o ní kí n máa kọ ìgbà tó sùn àti iye ìgbà tó jí síbẹ̀ láràárọ̀. Mo rí ilà, mo rí àpótí kéékèèké, mo ní háà, èsì ìdánwò rèé. Bọ́mọ bá fìdí rẹmi, ṣé wọn ò ní lé e kúrò lọ́sibítù ni? Ni mo bá ń kọ pé ó sùn fọnfọn, lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí nọ́ọ̀sì ọsibítù bá wá sílé láti fi fóònù ya ìwé náà ránṣẹ́ sí dókítà, èmi á dé fìlà, màá dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà kí n lè hàn nínú fọ́tò, kí dókítà lè rí i pé ilé ọmọlúàbí lọmọ wà.

Irọ́ ni, ọmọ mi. Kì í sùn ju wákàtí méjì lọ. Á máa rìn yí ilé ká, á máa to bọ́tìnnì mi sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ. Mo pè é ní agídí. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo jágbe mọ́ ọn. Ó fọwọ́ di etí, ó wọ abẹ́ tábìlì, kò jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Látọjọ́ náà, kì í fa téèpù ọrùn mi ṣeré mọ́. Ó dùn mí dé egungun.

Àwòrán mẹ́rin tí o fi ránṣẹ́ pé kí ọmọ máa tẹ̀ lé lálaalẹ́ kó lè sùn, ìwẹ̀, aṣọ oorun, ìwé ìtàn, ibùsùn, mo ti fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ fún àlejò.

Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ọmọ náà tó ń tòògbé lórí àwo oúnjẹ ọ̀sán, tó sì bi mí léèrè, ni mo tó jẹ́wọ́. Ó ní kì í ṣe agídí rárá, oorun máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù bíi tirẹ̀, tí ariwo àti ìmọ́lẹ̀ máa ń ni lára ju ti ọmọ mìíràn lọ. Ó ní nítorí ohun tí mo kọ, dókítà rò pé ètò oorun tí òun ṣe fún ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, kò sì yí nǹkan kan padà. Oṣù kan gbáko! Mo fi ìyà jẹ ọmọ ọmọ mi kó lè gbapò kìíní.

Àwòrán ti wà ní yàrá ọmọ báyìí. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ tí oòrùn bá ti wọ̀, kí ariwo rẹ̀ má baà jí i. Bá mi bẹ dókítà, sọ fún un pé bàbá àgbà ló purọ́, ọmọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Owó tí o fẹ́ fi ra bàtà fún mi, fi ra aṣọ dúdú tó nípọn, màá fi rán kọ́tìnnì fèrèsé rẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ọ sí fún ọmọ rẹ, kí ó má jẹ́ kí o dàgbà tán kí o tó gbọ́n bíi tèmi. Lálẹ́ àná, ó jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, télọ̀.