Ìgbà Mẹ́rìnlá Ló Wọlé Dé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Wọ́n dé. Ọkọ̀ mẹ́ta, wáyà tó pọ̀ tó láti fi di gbogbo àdúgbò lókùn, àti ọkùnrin kan tó wọ awò dúdú nínú pálọ̀ mi. Òun ni olùdarí. "Ẹ tún un ṣe" nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ, torí náà Tún-un-Ṣe ni màá máa pè é níbí. Fíìmù tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fẹ́ yà nílé wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní àwọn á kun pálọ̀, àwọn á sì tún òrùlé tó ń jò ṣe. Òrùlé yẹn ló mú mi gbà. Kì í ṣe ìfẹ́ fíìmù.

Mo ka ìwé ìtàn wọn tán ní ìjókòó kan. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé wá àṣìṣe — ọdún mọ́kàndínlógún rèé nílé ìtẹ̀wé — ọwọ́ mi kì í gbé jẹ́ẹ́ tí bírò pupa bá wà nítòsí. Ìtàn náà rèé. Ọmọkùnrin kan kúrò nílé, ó pòórá fún ogún ọdún. Ọkùnrin kan dé pẹ̀lú báàgì kékeré, ó ní òun ni. Ẹnikẹ́ni ò bi í ní ìbéèrè kan. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ìyá ti kó kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́. Àrá máa ń sán nígbàkígbà tó bá rẹ́rìn-ín. Ajá nìkan ló ní ọpọlọ nínú gbogbo wọn, òun ló ń gbó o. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé kejì: Ogún ọdún lórí ọkọ̀ òkun, kò sí fóònù? Ta ló máa gba irú irọ́ yìí gbọ́?

Lẹ́yìn náà mo gbé bírò sílẹ̀. Mo rántí ara mi.

Kí n kọ ọ́ síbí, torí kò síbòmíì tí mo lè kọ ọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kú. Ọdún mẹ́rin. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré, ní ìlú ọ̀nà jíjìn, níbi tí ọkọ̀ òkun tó ti ń se oúnjẹ já a sí. Lákòókò yẹn Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún rẹ̀, dókítà sì ní ká má sọ ohunkóhun tó lè da ọkàn rẹ̀ rú. Mo ní iṣẹ́ rán mi nírìn àjò. Mo lọ sin ín, mo padà. Mo ní tó bá ti dìde màá sọ. Ó dìde. Mo ní tó bá ti ń rìn. Ó rìn. Ojú rẹ̀ wá ń ṣú, kò lè kàwé mọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà Àrẹ̀mọ fún un nìyẹn — Àrẹ̀mọ mi ló máa ń pè é. Lẹ́tà kan lóṣù. Èmi ni mò ń kọ ọ́, èmi ni mò ń kà á.

Lórí ọkọ̀ òkun, kò sí fóònù. Irọ́ tèmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tèmi kò ní àrá nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ìparí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́tàn náà ò tíì dé láti ibi tó ti ń bọ̀, ọlọ́pàá ti wọ́ ọ gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wa jáde láàárọ̀. Tún-un-Ṣe ní òní nìkan làwọn rí aṣọ ọlọ́pàá yá. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ẹlẹ́tàn náà — òṣèré — eyín rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹnì kan ṣoṣo lọ, ó sì mọ̀ pé wọ́n funfun. Eléyín. Ó kí mi dáadáa ṣá. Mi ò dá a lóhùn dáadáa.

Màmá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń gbọ́ gbogbo ariwo náà. Ó bi mí ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Mo ní ó purọ́ fún ìyá kan pé òun lọmọ rẹ̀. Ó ní ṣé torí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wọ́ ọ nílẹ̀ báyìí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó mà pọ̀ jù o.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ajá tí wọ́n mú wá kò gbó. Ó rí Eléyín, ó ń ju ìrù. Wákàtí méjì gbáko. Níkẹyìn, wọ́n ní kí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé iná máa gbó lẹ́yìn kọ́tìnì. Àgbàlagbà ọkùnrin, tó níyàwó nílé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Òṣèré obìnrin tó ń ṣe ìyá ti bínú lọ. Ó ti kọ́kọ́ bínú lórí omi tútù, ó bínú lórí dígí, ṣùgbọ́n àga ló wá parí ọ̀rọ̀. Ó ní wọn ò lè gbé òun ka àga oníke. Mo rò pé eré ti tú nìyẹn, inú mi sì ti ń dùn. Ni Tún-un-Ṣe bá yíjú, ó rí Màmá lẹ́bàá fèrèsé, ó bọ́ awò dúdú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ojú rẹ̀ nìyẹn. Mi ò rí ohun tó ń fi pamọ́ níbẹ̀.

Ó ní ojú Màmá ni òun ti ń wá látọdún tó kọjá. Mo ní ojú yẹn ò ríran dáadáa. Ó ní ìyẹn gan-an lòun ń wí. Mo ní rárá, ó parí. Màmá ní kí ló dé, ṣé òun ò lè sọ̀rọ̀ ni? Ó ti ń tún ìborí rẹ̀ dì kí n tó panu dé.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Òṣèré.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n sinmi lónìí. Mo ka ọ̀rọ̀ tí Màmá máa sọ fún un, ó há gbogbo rẹ̀ sórí láàárín wákàtí kan, ó tún ń bú ẹni tó kọ ọ́. Ó ní kò síyàá tó ń sọ̀rọ̀ báyìí àfi tó bá ní ibà. Ibẹ̀ la ti jọra, èmi àti ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá lẹ́tà Àrẹ̀mọ ti oṣù yìí ò tíì dé. Mo ní ó ń bọ̀. Ó ní kò kánjú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo kọ lẹ́tà náà níbi iṣẹ́ nígbà ìsinmi ọ̀sán, nígbà tí mo ka ìwé ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tán. Ojú ìwé kan. Ojú ọjọ́ dára lórí òkun, àwọn òṣìṣẹ́ ń yin ọbẹ̀ mi, báwo lorúnkún yín, ṣé ẹ ń fi òróró ra á. Mo máa ń béèrè orúnkún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Kí ẹni tó kọ fíìmù wọn, Akọ̀tàn tó máa ń kọ̀wé lórí itan nínú ọkọ̀, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ìgbà mẹ́rìnlá. Ìgbà mẹ́rìnlá ni Eléyín kan ilẹ̀kùn, tí Màmá ṣí i, tó ní ta nìyẹn, tí Eléyín ní èmi ni, Màmá, èmi náà ni, tí wọ́n sì dì mọ́ra. Nígbà àkọ́kọ́, òjìji ẹnì kan hàn lára ògiri. Nígbà kejì, ọkọ̀ akólẹ̀ ń kọjá. Nígbà kẹta, ọkùnrin tó ń mi páànù pé kó dún bí àrá sáré mì ín kó tó kan án. Nígbà karùn-ún, Eléyín sín. Ẹ tún un ṣe. Ẹ tún un ṣe. Mo dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, mò ń pòṣé sínú.

Nígbà tó di ìkeje, Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di orí Eléyín mú, omijé sì ń bọ́. Omijé gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kán sójú. Nígbà kẹsàn-án, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé ó ti jẹun. Kò sí nínú ìwé. Eléyín gbàgbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ní rárá o, Màmá, látàárọ̀. Òótọ́ ló sì sọ, wọn ò fún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ látàárọ̀. Tún-un-Ṣe fò sókè bí ẹni tó rí wúrà. Gbogbo wọn ń fa imú.

Ó wá yé mi. Ó rò pé òun ni. Ìyá mi rò pé Àrẹ̀mọ ló wọlé dé, ìgbà mẹ́rìnlá nínú ọjọ́ kan, àwọn aláìnírònú yìí sì ń yà á bí ẹni ń ya ìgbéyàwó. Mo bínú. Tí wọ́n bá lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ta ló máa ṣàlàyé fún un pé ọmọ rẹ̀ tún ti lọ?

Mo fa Eléyín lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ní tí Màmá bá pè é ní Àrẹ̀mọ, kó má jẹ́ ẹ. Ó béèrè pé níbo gan-an ni Àrẹ̀mọ wà. Mo ní orí ọkọ̀ òkun. Ó wò mí, ó ní ó dáa, Àǹtí. Irọ́ niṣẹ́ tó ń ṣe jẹun. Mo mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́.

Nídìí oúnjẹ nírọ̀lẹ́, Màmá ní ẹ̀gbọ́n mi ti sanra díẹ̀. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ mi. Màmá kọjú sí mi, ó ń dúró. Mo ní òṣèré nìyẹn, Màmá. Ó ní òun mọ̀. Ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

"Mo mọ̀" tàwọn arúgbó. Kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo ka lẹ́tà fún Màmá. Nígbà tí mo dé ibi orúnkún, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan, kí n máa kà á lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Wọ́n kun pálọ̀. Àwọ̀ ọbẹ̀ tó ti kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti pinnu. Tí wọ́n bá ti kó ẹrù wọn, màá sọ òótọ́ fún Màmá. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo mọ̀ pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù gidi — pé ọkàn rẹ̀ ò ní gbà á, àti pé tó bá gbà á, kò ní fẹ́ rí mi mọ́.

Akọ̀tàn wá, ó gbé ọ̀rọ̀ ọ̀la dání. Ibi tí ìyá ti tú àṣírí ẹlẹ́tàn náà. Ohun tó ní kí Màmá sọ rèé: "Ìwọ ejò tó fi ẹ̀rín bojú, tó yọ́ wọ inú àgbàlá ọkàn mi!" Àrá mẹ́ta tẹ̀ lé e. Mo fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀ já. Ó bi mí, kò tiẹ̀ bínú, pé báwo wá ni ìyá ṣe máa sọ ọ́. Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ihò ńlá tó wà nínú ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ibẹ̀. Ìyá wo ló máa mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fóun, tí kò ní sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ó kọ ìbéèrè náà sínú ìwé rẹ̀. Mo gbádùn ìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Wọ́n tan iná. Màmá lórí àga, Eléyín lórí àpótí ìjókòó níwájú rẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Eléyín sọ tirẹ̀, pé ogún ọdún lórí òkun, Màmá, kò sọ́jọ́ tí mi ò rántí yín. Ó kan Màmá. Mo rò pé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú kúrò lára Eléyín, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ mi. Kò lè rí mi láti ibẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí mo máa ń dúró sí.

Ó ní, "Àrẹ̀mọ mi ti kú. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ọmọ yẹn ò béèrè orúnkún mi rí láyé ẹ̀, títí kan ọjọ́ tí mo ṣubú lójú ẹ̀. Ẹni tó ń béèrè ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Mo rò pé lẹ́tà yẹn ló ń gbé e ró, ni mi ò ṣe sọ nǹkan kan. Ó ti tó báyìí. Kó wá jókòó tì mí, ká jọ sunkún ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

Ọkùnrin páànù gbàgbé àrá rẹ̀. Tún-un-Ṣe ní ẹ gé e, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé. Akọ̀tàn ń nu ojú, ó ń béèrè ẹni tó tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Ẹnì kan ní ṣebí Àǹtí oníbírò pupa ni. Ni wọ́n bá yíjú sí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún èmi náà.

Màmá ò gbé ojú kúrò. Eléyín nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó ti àpótí rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ Màmá, ó bọ́ síta. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá gbogbo wáyà yẹn, mo lọ jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n ti lọ. Òrùlé ṣì ń jò.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, láìka ohunkóhun láti inú ìwé. Ó bi mí bóyá ó jẹ ìrora. Mo ní kò pẹ́. Ó bi mí aṣọ tí mo fi sin ín. Mo ní ṣẹ́ẹ̀tì búlúù rẹ̀, mo lọ̀ ọ́ fúnra mi. Ó bi mí ẹni tó dúró tì mí níbẹ̀. Mo ní kò sẹ́nì kankan.

Ó ní, "Ìwọ nìkan?"

Mo ní èmi nìkan.

Ìgbà yẹn ló tó sunkún.