Èémí Ìyá Rẹ Tó Wà Nínú Ọ̀rá

Gbémiga ọmọ mi,

"Láti òní lọ, ọkàn kankan kò ní lù mọ́ nílùú Ìbàfò kí sáyẹ́ǹsì má gbọ́." Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ, Ọ̀mọ̀wé Adéyanjú, sọ ní pálọ̀ wa nìyẹn, lọ́jọ́ tí ẹ wá tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sábẹ́ aṣọ ibùsùn ìyá rẹ. Wọ́n mu omi lẹ́ẹ̀mejì kí gbólóhùn náà tó parí. Bá mi kí wọn. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ ní Yàbá? Ọlọ́run tó dá wa sí lẹ́yìn ìsìnkú kò ní jẹ́ ká tún fi ẹkún pàdé.

Ilé ò burú. Ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti ra gbohùngbohùn tuntun, bí ẹni pé etí Ọlọ́run ti ń di.

Ọmọ́títí, àbúrò ìyá rẹ, wá láti Ifọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ gbé fóòmù ìyá rẹ jáde bí a ti í ṣe ibùsùn òkú. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní, Tíṣà, kí lẹ ń ṣọ́? Mo ní èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó wò mí títí, ó ní kí n lọ jẹun. Àṣé ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú.

Orí mi pé. Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé ọ̀rá yẹn ló ń gba bí ìyá rẹ ṣe ń mí àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó máa ń bi mí pé ọ̀rá wo ló ń dún lábẹ́ òun, mo ní kí fóòmù má bàa dọ̀tí ni, ó ní ṣé òun ti di ọmọ ọwọ́ ni. Lọ́jọ́ tó fi wá sílẹ̀ lọ, iná àpótí kékeré tí ẹ so mọ́ ọ̀rá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó dúró. Sáyẹ́ǹsì gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ náà ló mọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé agbada sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, inú agbada ni yóò ti bá omi. Ohun tí ọ̀rá gbà, inú ọ̀rá ló wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sùn lórí ẹní nílẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin ín, kí èémí tèmi má bàa dà lé tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni mo sì ń tàn fún àpótí náà, torí mi ò mọ ohun tó máa ṣòfò bí iná bá kú.

Òjò Ọjọ́rú ló kó bá mi. Ó wọlé, ẹní rin gbingbin, mo bá gorí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ìyá rẹ máa ń sùn gan-an. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí iná àpótí tó ń ṣẹ́jú bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìyá rẹ wà láyé. Inú mi dùn, mo pe orúkọ rẹ̀, kí n tó rántí pé àyà tèmi ló ń gbọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti ẹní tuntun kún un. Tí o bá ń bọ̀, mú ẹni tó mọ ohun inú ọ̀rá náà tú dání. Ọ̀mọ̀wé náà lè wá, omi wà. Èémí rẹ yóò gùn ju tèmi lọ, ọwọ́ ọmọ rẹ ni yóò sì tẹ́ ibùsùn fún ọ lọ́jọ́ alẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínọlá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Èémí tèmi ti dà pọ̀ mọ́ ti ìyá rẹ nínú ọ̀rá yẹn. Ṣé ẹ ṣì lè yà á kúrò lára tèmi?