Ìdí Tí Mo Fi Gba Mo-Gbọ́-Pé sí Ṣọ́ọ̀bù Mi

                                        Yàrá Iwájú, Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Ajé, ìparí oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé ara ti le? Orúnkún tó ń dà yín láàmù ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Ọkọ yín ńkọ́? Ìkókó yẹn á ti máa rá báyìí, á sì máa fa gbogbo nǹkan ilé lulẹ̀. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lórí fóònù. Ẹ ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, pé kí n lé obìnrin náà jáde. Mi ò lè dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà nítorí òun gan-an ló jókòó tì mí, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́ gan-an.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Aránṣọ òdìkejì títì ni. Mo-Gbọ́-Pé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi "mo gbọ́ pé" bẹ̀rẹ̀. Òun ló sọ kiri pé mo máa ń gé lára aṣọ oníbàárà pamọ́. Àwọn oníbàárà sá. Ọ̀rọ̀ dé etí ìyá àfẹ́sọ́nà mi, ìyá náà sì ní ọmọ òun kò ní fẹ́ olè. Ẹ̀yin lẹ gbá mi mọ́ra lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin náà wá gba òrùka rẹ̀. Ẹ ò gbàgbé, èmi náà ò gbàgbé.

Nígbà tí òjò ńlá yẹn rọ̀, àgbàrá ya wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mu ẹrẹ̀, aṣọ aláṣọ bàjẹ́, onílé sì ti ilẹ̀kùn pa. Kò sí aránṣọ tó fẹ́ gbà á. Ta ni ahọ́n rẹ̀ kò tíì gé rí? Mo rí i níwájú ilẹ̀kùn náà, ó gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ lé itan, ara rẹ̀ tutù rinrin. Inú mi dùn, ẹ̀gbọ́n mi. Orin ni mo kọ wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kúnlẹ̀, àdúrà ò wá. Ẹni tó ní ká fẹ́ràn ọ̀tá wa ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọ̀tá mìíràn fẹ́ràn, kó má jẹ́ eléyìí. Mi ò rí oorun sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọdá títì. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń lo ẹ̀rọ mi kejì. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ wá lò ó."

Ó gbójú sókè. "Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ yẹn máa ń já òwú," ló sọ. Ó sì dìde, ó tẹ̀lé mi.

Bùọ̀dá wa, tó ra ẹ̀rọ náà fún mi, bá a níbẹ̀. Ó ní òun ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́ láyé. Bí mo bá kí i lónìí, kì í dáhùn. Àwọn obìnrin ìjọ gan-an ní mo ń ṣe àṣejù. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó gbé aṣọ wá, tirẹ̀ àti ti gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà fún. Ó rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Bí obìnrin yẹn bá fọwọ́ kan aṣọ mi, màá gbé e lọ."

Mo ní, "Àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́ níbí."

Ó ká aṣọ rẹ̀, ó lọ. Mi ò retí ọpẹ́, Mo-Gbọ́-Pé ò sì dúpẹ́. "O ò mọ òwò ṣe rárá," ló sọ, ó tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó so ìborí, ó jáde láìsọ ibi tó ń lọ. Ilé ìyá àfẹ́sọ́nà mi ìjọ́sí ló lọ! Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn fún mi. Ó ní, "Ó dúró láàárín pálọ̀ mi, lójú àwọn àlejò mi. Ó ní, 'Ti mo gbọ́ pé kọ́ lèyí o. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọmọ yẹn.'"

Ìyá náà sunkún, ó bẹ̀ mí. Ọmọ rẹ̀ ti gbé ìyàwó, ìyẹn ti bọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Ẹ bi mí pé èrè wo ló wà níbẹ̀. Mo ń sùn, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá kúnlẹ̀, kò sí ojú ẹnikẹ́ni tó ń dínà mọ́ mi mọ́. A tún jọ ń kọrin sídìí iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ dà bí ìdè ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Kò tíì di áńgẹ́lì o. Lánàá yìí ló sọ fún oníbàárà kan pé, "Aṣọ ò kéré, ìwọ lo tóbi."

Nítorí náà, mi ò ní lé e. Ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ tilẹ̀ tún pè, ìdáhùn kan náà lẹ ó bá. Tí a bá jáde ní ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, mò ń lọ sílé Bùọ̀dá. Bó bá tilẹ̀kùn mọ́ mi, màá jókòó síta títí ebi yóò fi lé òun tàbí èmi dìde.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ fẹnu ko ìkókó lẹ́nu. Tí ẹ bá sì ń rántí mi ládùúrà, ẹ má bẹ Ọlọ́run pé kó mú ẹrù yìí fúyẹ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí n má sọ ọ́ kalẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín, olórí kunkun tí ẹ fẹ́ràn,

Àbíkẹ́yìn.