Àwo Bàbá Wa Tó Wà Lóko Omifunfun

Bùọ̀dá mi Gàzálì,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Gbogbo ilé l'Órè ń kí yín. Ẹsẹ̀ Ìyá wa ṣì ń wú, oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ tán. Òjò ò jẹ́ kí kòkó wa gbẹ.

Bùọ̀dá, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti béèrè àwo orin rọ́ọ̀kì tí Bàbá wa ṣe l'Ékòó lọ́dún 1974, tí gìtá wọn ń ké bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo ní ó wà nínú àpótí. Irọ́ ni mo pa. Lọ́jọ́ fídáù Bàbá, èmi ni mo kó ẹrù wọn ṣe sàárà fún àwọn àlejò tó ń dáko l'Ómifunfun. Àpótí náà wà lára ẹrù yẹn, mi ò sì tú u wò.

Mo lọ síbẹ̀ ní Jímọ̀ tó kọjá. Wọ́n ti fi okùn so àwo náà rọ̀ sáàárín àgbàdo, kó máa lé ẹyẹ. Oòrùn ti ká a kò bí ewé gbígbẹ. Ọkùnrin tó ni oko náà fẹ́ tú u fún mi, mo ní kó fi í sílẹ̀, a kì í gba sàárà padà. Mo jókòó sí ẹ̀bá oko, mo sunkún.

Ẹ dárí jì mí. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ àwo orin tí Ìyá ní kẹ́ ẹ rà, kí àwọn lè gbọ́ ohùn Bàbá kí àwọn tó kú, ẹ má rà á mọ́. Mi ò tíì sọ fún wọn.

Àbúrò yín,
Àzíìzàt