Kí Òjò Ó Má Tíì Rọ̀

Ọjọ́ Àìkú, 13/2/83

Ọyẹ́ kọ̀, kò lọ. Eérú ń bọ́ sínú gbogbo nǹkan — sínú ọbẹ̀, sórí aṣọ tí mo sá, sójú ọmọ mi Ṣaléwá bó bá ń sùn. Oko kòkó ló ń jó lọ́nà Wásinmi. Wọ́n ní iná ti mú ti ọ̀nà Àpòmù náà. Kànga wa ti di ẹrẹ̀. Ọkọ mi ò ríṣẹ́ ṣe láti ìgbà ọdún. Bíríkìlà wo ni yóò fi itọ́ po sìmẹ́ńtì? Ẹ̀yìnkùlé ló ń wà, tó ń to búlọ́ọ̀kù tó mọ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tó ń tú u, tó tún ń tò ó. Ó fẹ́ fi dí ojú àgbàrá tó ń jẹ ìpìlẹ̀ ilé wa kí òjò tó dé. Òjò wo?

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Wòlíì Ògúnṣẹ̀san kéde àwẹ̀ òjò. Mo ṣe Àmín títí ohùn mi fi há. Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí. Wọn ò la ẹnu. Mo rò pé oorun ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15/2/83

Oorun kọ́.

Mọ́nsúrù apẹja wá láti Aṣéjìré lónìí. Ó ní adágún ti fà sẹ́yìn débi pé ògiri abà ti yọ. Abà Kòkúmọ́, níbi tí wọ́n ti bí ọkọ mi. Omi bò ó nígbà tí wọ́n sé odò Ọ̀ṣun. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà náà. Wọ́n ní ká kọrin, pé omi ẹ̀rọ ń bọ̀. Ó dé lóòótọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó forí lé Ìbàdàn. Ìkirè nìyẹn. Gbogbo nǹkan ló ń gba ibí kọjá. Ọkọ̀ Ifẹ̀, ọkọ̀ Iléṣà, èrò á dúró ra dòdò, wọ́n á nu epo ọwọ́ wọn sára bébà, ó tán. Àwọn tó dúró ni àwọn tí kò ríbi lọ. Ìdajì àdúgbò wa, inú omi ni wọ́n ti jáde.

Ìyá Alábà (inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe ìyá ọkọ mi bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í já sí abà lẹ́nu wọn) gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n bi Mọ́nsúrù léèrè igi ìyeyè, bí ẹni tó ti ń retí ìròyìn náà. Ó ní kùkùté rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun rí ohun kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. "Bàbá Afọláyan nìyẹn." Afọláyan ni ọkọ mi. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àlejò rẹ̀ ti sọ̀ ní gáréèjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19/2/83

A lọ. Mo pọn Ṣaléwá. Mọ́nsúrù fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé ibi tí omi mọ, a wá fẹsẹ̀ rìn. Ilẹ̀ là yẹ́rẹyẹ̀rẹ. Ìkarahun. Egungun ẹja. Òórùn kan tí mi ò lè fi wé nǹkan. Ìyá Alábà, tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí wọn kì í rìn dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n má dúró mí, àwọn ló ṣáájú. Ògiri tó kù ò ju orúnkún lọ. "Yàrá mi rè é. Ibi ìdáná nìyí. Ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, yàrá ìyáálé mi ni." Èmi náà sì yà fún yàrá tí kò sí.

Sàréè bàbá ọkọ mi ò sán. Bàbá Ṣaléwá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àwọn bíríkìlà ayé ìgbà yẹn ò jí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí wa.

Ìyá Alábà tú gèlè wọn, wọ́n fi gbá ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò lórí rẹ̀. "Àwọn tó wá sé odò ka igi kòkó wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti sanwó rẹ̀. Wọ́n ka obì. Ẹnìkan ò ka èyí."

Nígbà tí à ń bọ̀ wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, ìyàwó mi, o ò ní bá wọn ṣe Àmín òjò mọ́. Mo ní kí ló dé, mà. Wọ́n ní, ẹ̀gbẹ́ Bàbá Afọláyan ṣófo. Bí àwọn bá kú kí omi tó padà, ibẹ̀ ni ká gbé àwọn wá. Bí omi bá padà kí àwọn tó kú, ó parí.

Mo ní ẹ ò ní kú, mà.

"Ta ló bi ọ́?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́.

Mo ní mo gbọ́, mà. Ẹnu mi ni mo fi ṣèlérí.

Ọjọ́ Àìkú, 20/2/83

Mi ò ṣe Àmín. Mo ń mi ètè kí ẹnikẹ́ni má baà fura.

Ọjọ́ Ẹtì, 25/2/83

Ìyá Alábà ti dá oògùn ẹsẹ̀ dúró. Oúnjẹ náà, bí ẹni ń tọ́ ọ wò. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe níbi tí àwọn ń lọ. Inú bí ọkọ mi: "Màámi, ẹ̀ ń bá Ọlọ́run ná ọjà." — "Ọjà tèmi ni mò ń ná. Lọ to búlọ́ọ̀kù rẹ."

Àṣíáwù ará ilé kejì ní àwọn lọ sí yídì lọ tọrọ òjò, gbogbo àwọn ló yí aṣọ padà sódì. Ó ní, "Àwa yí aṣọ, ẹ̀yin lu agogo. Ẹni tí òjò bá kọ́kọ́ pa nínú wa, kó wá jí èkejì." Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá Alábà wò mí, mo gbé e mì.

Ọjọ́ Ajé, 7/3/83

Ṣaléwá ń yàgbẹ́ gbuuru. Omi ni. Èyí tí a ń rà láti Aṣéjìré pọ́n bíi tíì. Mo sè é, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, mo tún un sè. Ó ṣì ń rùn bí ilẹ̀ abà yẹn.

Ọjọ́rú, 9/3/83

Ó ń sunkún. Omi ò jáde lójú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10/3/83

Nọ́ọ̀sì ní iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà nínú omi tó mọ́. Omi tó mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ní kí n lọ já ewé wá. Àṣíáwù ló bù fún mi nínú òjò èṣín tó tọ́jú sínú ìkòkò. Ó fẹ́ẹ̀ tán.

Ìyá Alábà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Mo rò ó pé, bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè máa lọ, kí òjò lè rọ̀.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ní pa á rẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 13/3/83

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò wúwo mọ́. Bí aṣọ tí wọ́n ká sórí ẹsẹ̀ mi. Wòlíì gbàdúrà òjò, ìjọ hó, Àmín. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ti ṣèlérí. Ẹ̀rù ìlérí sì ń bà mí nítorí ọmọ mi, pé bí mo bá dà á, òun ni yóò san án. Báwo ni mo ṣe wá di irú èèyàn yìí?

Gbogbo ìjọ ti dákẹ́. Ẹnìkan ní Àmín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun nìkan. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, bí ẹni ń la igi. Ìyá Alábà ni. Iwájú ni wọ́n ń wò.

Lọ́nà ilé wọ́n ní, "Má bi mí ní nǹkan kan."

Ọjọ́ Ẹtì, 18/3/83

Òjò.

Kò kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lápá Ìkirè-Ilé, a kọ́kọ́ gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí páànù àwọn ẹlòmíràn. Àṣíáwù ń pariwo lẹ́yìn ògiri pé ta ló jí ta. Mo kó gbogbo ohun tó lè gba omi jáde, títí dé póò ọmọ. Ìyá Alábà ní kí n gbé Ṣaléwá wá. Abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n rọra ń bu omi sí i láyà, wọ́n ń kì í ní oríkì àwọn bàbá rẹ̀, ti abà, títí tó fi bínú, tó ké. Omi wà lójú rẹ̀. Mi ò lè yà á sọ́tọ̀, bóyá tòjò ni. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ó ní iyọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 1/4/83

Ṣaléwá ń jẹun. Òjò ò dá mọ́.

Mọ́nsúrù wá. Kò fẹ́ jókòó. Ó ní, "Màmá, omi ti bò ó." Wọ́n ní ó ṣeun. Wọ́n ní, "Ṣé Bàbá Afọláyan kí mi?" Mọ́nsúrù wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó kí yín, mà."

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé àpótí jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń wo àgbàrá bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ kọjá. Wọ́n bi mí níbo ló ń lọ. Mo ní inú odò kékeré ìsàlẹ̀ àdúgbò. Odò kékeré ńkọ́? Inú Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun ńkọ́?

Mo wo omi náà.

"Ọmọ tó kàwé. Ó mọ̀ ọ́n." Wọ́n fi ọ̀pá ilẹ̀ fa ìlà sí etí àgbàrá, ìlà gbọọrọ, bí ẹni wọn aṣọ. "Etí ibí ni kí ẹ sin mí sí. Kó máa fọ̀ mí lọ bá a díẹ̀díẹ̀."

Òjò pa ìlà náà rẹ́ kí a tó wọlé. Mo ti fi òkúta sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2/4/83

Bàbá Ṣaléwá po sìmẹ́ńtì láàárọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ń súfèé. Omi ti wà, iṣẹ́ ti dé. Ó ru búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lọ sójú àgbàrá. Mo ti wà níbẹ̀, mo dúró sínú rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn mi, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo ní ẹ kó wọn lọ fi kọ́ ilé adìyẹ. Ó ní ṣé orí mi pé, a ò ní adìyẹ. Mo ní ẹ má dí i.

Ó wo òkúta tó wà létí ibẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀ lórí àpótí. Wọ́n ń wo inú omi.

Ó sọ búlọ́ọ̀kù kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Sìmẹ́ńtì tó pò, ó jẹ́ kó gan.

Àgbàrá á máa jẹ ìpìlẹ̀ nìṣó. Mo lọ wò ó lẹ́yìn tó wọlé. Apá yàrá wa ló ń jẹ.